Kí Ni Yóò Mú Nọ́ọ̀sì àti Tíṣà Dúró Tì Wá ní Ìgbèríko?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí kì í ṣe ti owó yíyá, kì í sì í ṣe ti ṣíà. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wa ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ ti lọ sí ìgboro, ilẹ̀kùn yàrá ìgbẹ̀bí kì í ṣí ju ọjọ́ méjì lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Òun sì kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta nìyí tí yóò wá, tí yóò sì lọ kí ọdún méjì tó pé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa: tíṣà ìṣirò àti tíṣà sáyẹ́ǹsì kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìgbìmọ̀ wá ní kí á ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún yín láti ìdí rẹ̀, nítorí pé ìpinnu kan ń bọ̀ níwájú ìpàdé gbogboogbò ọdún yìí, ìpinnu náà sì kan owó yín. Kò dára kí èèyàn nawọ́ sókè fún ohun tí kò yé e.

KÍ LÓ Ń LÉ WỌN LỌ?

Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sọ pé ìgbéraga ni, pé àwọn tó kàwé kò fẹ́ràn ará oko. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún ní ìlú bíi tiwa, kì í ṣe owó oṣù nìkan ló ń rò. Ó ń bi ara rẹ̀ pé: Níbo ni mo máa sùn? Ṣé omi wà? Iná ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni ọkọ mi yóò rí ṣe níbẹ̀? Ilé ìwé wo ni àwọn ọmọ mi yóò lọ? Bí wọ́n bá gbé aboyún dé lóru tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ta ni mo máa pè, ọkọ̀ wo ni yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá?

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tún wà. Nọ́ọ̀sì tí kò ní oògùn, tí kò ní ìbọ̀wọ́, tí kò ní ohun èlò tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú a máa tì í níwájú aláìsàn. Ẹni tó bá sì dá wà lẹ́nu iṣẹ́ kò ní ẹni tí yóò bi léèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú, kò sì ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ kí ó lè sùn. Ó tún ń bẹ̀rù pé àwọn ọ̀gá ti gbàgbé òun: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìgboro ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń gba ìgbéga, òun ń bẹ nínú igbó.

Ní ayé ìsinsìnyí, a tún rí i pé kì í ṣe ìgboro nìkan ló ń bá wa du àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ló ti jápa lọ sí Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Bí nọ́ọ̀sì kan ní Èkó bá lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ti Ìbàdàn lè lọ gba àyè náà, tiwa a sì lọ gba ti Ìbàdàn. Àwa tó wà ní ìsàlẹ̀ àkàbà, kò sí ẹni tí yóò gùn wá sọ́dọ̀ wa láti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí àyè tó bá ṣí níbí kì í fi í tètè dí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mú ohun kan dání bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ: ohun tó ń mú èèyàn wá yàtọ̀ sí ohun tó ń mú un dúró. Ìwé ìjọba lè mú un wá. Owó lè mú un wá. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí a kà sílẹ̀ lókè yìí ló ń sọ bóyá yóò dúró.

OHUN TÍ ÌJỌBA TI GBÌYÀNJÚ

Ìjọba kò ká ọwọ́ gbera. Ní 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba Ọ̀gágun Gowon dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ tó jáde yunifásítì lè lo ọdún kan ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbèríko jàǹfààní púpọ̀. Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ girama tiwa náà: bí kò bá sí àgùnbánirọ̀, àwọn ìwé mìíràn wà tí kò ní ní tíṣà rárá. A dúpẹ́. Àmọ́ ọdún kan kì í pẹ́ lọ títí. Ọmọ tí tíṣà kan bẹ̀rẹ̀ ìṣirò fún, tíṣà mìíràn ni yóò bá a parí rẹ̀, bí ẹlòmíràn bá wá.

Ní 2009, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé ìwòsàn alábọ́dé bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn agbẹ̀bí. Wọ́n gba àwọn agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn tí kò níṣẹ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì pín wọn sí ilé ìwòsàn 652 ní ìgbèríko ní ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin sí ibì kan. Ẹ kíyè sí mẹ́rin yẹn. Wọn kò fi ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin lè pín ọ̀sán àti òru láàárín ara wọn, wọ́n sì lè bi ara wọn léèrè. Ìmọ̀ tó dára ni. Àdéhùn ni pé ìjọba àpapọ̀ yóò san apá kan nínú owó oṣù, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ yóò fi kún un, wọn yóò sì pèsè ilé. Níbi tí wọ́n ti mú àdéhùn ṣẹ, ìyá àti ọmọ jàǹfààní. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, owó ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ kò wọlé déédéé, ilé kò sì sí. Ẹni tí a ṣèlérí fún tí a kò mú un ṣẹ, ohun tó máa sọ nílé nígbà tó bá padà yóò ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ti àwọn tíṣà náà ńkọ́? Ní oṣù October 2020, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn tíṣà yóò ní owó oṣù tiwọn lọ́tọ̀, títí kan àjẹmọ́nú fún àwọn tó wà ní ìgbèríko. Ní 2022, òfin fọwọ́ sí i pé kí tíṣà máa ṣiṣẹ́ dé ẹni ọdún 65, tàbí kí ó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kì í ṣe Àbújá ló ń san owó oṣù púpọ̀ nínú àwọn tíṣà wa. Ìpínlẹ̀ ló ń san án. Ohun tí wọ́n bá kéde lókè, ó di ìgbà tí ẹni tó di àpò mú bá tú u.

AṢỌ ÌGBÀWỌ̀

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti jà pẹ̀lú ìṣòro kan náà. Ẹ jẹ́ kí á mú mẹ́ta yẹ̀ wò.

Ní Thailand, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, dókítà tó bá kàwé jáde gbọ́dọ̀ bá ìjọba ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ọ̀pọ̀ wọn sì ń lọ sí ìgbèríko. Ẹni tó bá kọ̀ yóò san owó ìtanràn. Òfin náà mú dókítà dé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tí kò ní tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn tó rí owó a máa san ìtanràn náà, wọn a sì bá tiwọn lọ. Nítorí náà ni ìjọba ibẹ̀ fi ń mú àwọn ọmọ ìgbèríko fúnra wọn wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, tí ó sì ń fi àjẹmọ́nú kún owó oṣù ẹni tó wà ní ibi jíjìn.

Ní Brazil, ní 2013, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Mais Médicos. Wọ́n gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dókítà láti Kúbà, wọ́n sì rán wọn lọ sí igbó Amazon àti àwọn ìlú tálákà tí dókítà ìbílẹ̀ kò fẹ́ lọ. Iṣẹ́ náà yọrí, àwọn aláìsàn rí ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí èdè àìyedè wáyé láàárín Kúbà àti ààrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn ní Brazil, ní November 2018, Kúbà pe àwọn èèyàn rẹ̀ padà. Ó lé ní 8,000 dókítà tó kúrò láàárín ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú kékeré jí lọ́jọ́ kan, wọn kò rí dókítà mọ́. Àwọn àgbà wa ní ìgbàwọ̀ kò yẹ ọmọ èèyàn: bí kò fún ni lápá, a fún ni lẹ́sẹ̀, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ẹ̀kẹta ni Jàpáànù, òun ló sì sún mọ́ ohun tí Ìgbìmọ̀ ń rò jù lọ. Òkè àti erékùṣù ilẹ̀ náà pọ̀, dókítà kì í fẹ́ gbé ibẹ̀. Ní 1972, gbogbo ìpínlẹ̀ wọn, 47 ni wọ́n, jọ dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jichi. Lọ́dọọdún, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yan ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n sì ń bá wọn gbé owó ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà. Bí ọmọ náà bá jáde, ìpínlẹ̀ tó rán an ni yóò padà sí, yóò sì sìn ín fún ọdún mẹ́sàn-án, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ibi jíjìn. Ẹni tó bá yẹ àdéhùn yóò dá owó padà. Ṣé ọdún mẹ́sàn-án nìkan ni wọ́n ń rí jẹ? Rárá o. Nígbà tí àwọn olùwádìí ka àwọn tó ti parí ọdún mẹ́sàn-án wọn, nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá ló ṣì wà ní ìpínlẹ̀ wọn. Kò sí ẹni tó dè wọ́n mọ́lẹ̀ mọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé ìmọ̀ràn jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2010, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021. Lára ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kí á mú ọmọ tó wá láti ìgbèríko wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ti nọ́ọ̀sì, kí á kọ́ wọn nítòsí ìgbèríko, kí á sì mú ibi iṣẹ́ àti ibùgbé wọn dára. Wọn kò sọ pé owó kò ṣe pàtàkì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé owó nìkan kò tó.

ÀWA NÁÀ TI ṢE É RÍ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkè òkun nìkan la ti lè kọ́ ọgbọ́n yìí. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ibibio ní ìhà ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè wa dá owó jọ, wọ́n sì rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé ní òkè òkun. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, wọ́n ní láti ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà káàkiri, kódà ní àwọn ìlú kéékèèké. Àwọn àgbà wa ṣì rántí àwọn tíṣà ìgbà náà: ọmọ ilé wa tàbí ọmọ ìlú kejì ni ọ̀pọ̀ wọn.

Ní ti ìwòsàn, ẹ wo Ìgbò-Ọrà. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ sí agbègbè Ìbàràpá, kí wọ́n lè gbé láàárín àwọn èèyàn, kí wọ́n sì kọ́ bí a ti ń tọ́jú aláìsàn níbi tí ohun èlò kò pọ̀. Ẹ tún wo Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ìyá ọmọ ló sì ń tọ́jú káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí. Káàdì yẹn di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Ìlú kékeré ni Ìmẹ̀sí-Ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò lè sọ pé òun ṣòfò. Oníṣẹ́ a máa dúró níbi tí ó bá ti rí i pé iṣẹ́ òun níyì.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ DÁBÀÁ

A kò lè san owó oṣù nọ́ọ̀sì, kò sì yẹ kí á san án. Iṣẹ́ ìjọba ni. Ohun mẹ́ta tí ọwọ́ ẹgbẹ́ wa tó ni a fẹ́ gbé síwájú yín.

Èkíní, ilé. Ilé oníyàrá méjì tó wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀ kòkó ẹgbẹ́ ti ṣófo tipẹ́. A fẹ́ tún òrùlé rẹ̀ ṣe, kí á fi irin sí fèrèsé, kí á gbẹ́ kànga, kí á sì gbé iná sólà síbẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ni ín títí láé. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò máa gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. A kò ní fi í háyà fún ẹlòmíràn.

Èkejì, ẹ̀kọ́. A fẹ́ rán ọmọ méjì lọ kọ́ṣẹ́: ọ̀kan sí iṣẹ́ agbẹ̀bí, ọ̀kan sí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera ti ìpínlẹ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ fi èkejì yìí kún un. Nítorí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé bíi tiwa gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì rọrùn láti fi wá iṣẹ́ ní òkè òkun bíi ti nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ọmọ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni a ó yàn. Ẹni tó bá ń gbé láàárín wa, tí ìwé rẹ̀ pé, ó lè wá, títí kan ìyàwó ilé tí ó fẹ́ ọkọ síbí. Àdéhùn ni pé fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé owó rẹ̀, yóò sìn wá ní ọdún kan, a ó sì fi ọdún kan lé e. Kí á tó ná kọ́bọ̀ kan, a ó kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé wọn yóò gbà á síṣẹ́ níbí. Kí á kọ́ ọmọ tán kí ó má ríṣẹ́, ìyẹn náà a máa lé e lọ.

Ẹ̀kẹta, ìtẹ́wọ́gbà. Àwọn àgbà ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. A fẹ́ yan èèyàn mẹ́ta tí yóò máa gba òṣìṣẹ́ tuntun. Wọn yóò wádìí iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí ó wọ ẹgbẹ́, kí ó sì yá owó bíi tiwa. Wọn yóò bá onímọ́tò àti ọlọ́kadà kan ṣàdéhùn fún ìpè òru. Bí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá pẹ́, wọn yóò bá a dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Wọn yóò sì máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù wa. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ sì wà fún àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé. Bí a kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá tiwa dé?

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ TÍ A TI GBỌ́

"Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la dá sílẹ̀, kí ló kan wá kan ilé ìwòsàn?" Ẹ wo ìwé owó yíyá wa. Ẹni tí kò bá lè san owó rẹ̀ padà, àìsàn tàbí ìbímọ tó le ló sábà máa ń fa á. Owó ọkọ̀ lọ sí ìgboro nìkan ti tó láti jẹ èrè ọjà oṣù kan. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ìlera ni ṣíà tó lágbára jù lọ tí a ní.

"Bí ọmọ náà bá kàwé tán tó sì sá lọ ńkọ́?" Ó lè ṣẹlẹ̀. A kò ní gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pa mọ́, nítorí ìyẹn kò bójú mu. Bí a ti ń ṣe sí gbogbo owó yíyá ni a ó ṣe sí i: onídùúró méjì, àti owó pẹ̀lú èlé rẹ̀. Bí ó bá san án, ọmọ mìíràn la ó fi rán. Ṣùgbọ́n a ti rí ìtàn Thailand pé owó ìtanràn kọ́ ló ń mú èèyàn dúró. Ìdí nìyẹn tí ilé àti ìtẹ́wọ́gbà fi gbọ́dọ̀ bá ẹ̀kọ́ rìn. Ẹni tó bá gba ọ̀kan tó kọ àwọn yòókù, ó ń pọn omi sínú agbọ̀n.

"Èrè wa ńkọ́?" A kò ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún yín. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i, èrè tí a ó pín lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀ yóò dín kù. Owó ìpamọ́ tí òfin ní kí á yọ, a kò ní fọwọ́ kàn án. Nínú ohun tó bá kù ni a ó ti yọ ti ètò yìí, lẹ́yìn tí a bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Akápò yóò ka iye rẹ̀ sí etí gbogbo yín kí á tó dìbò.

"Yóò pẹ́ tó?" Ilé lè parí láàárín ọdún kan. Ọmọ tí a bá rán lọ kọ́ṣẹ́, ó kéré tán ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, ilé la fẹ́ kọ́kọ́ mú, kí á lè fi pe ẹlòmíràn wá nígbà tí tiwa ṣì wà ní ilé ìwé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá ọkọ, aya àti àwọn ọmọ yín sọ ọ́ nílé, pàápàá àwọn obìnrin, nítorí àwọn ló mọ ohun tí ojú ń rí ní alẹ́ ìrọbí. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ràn tó dára ju èyí lọ, kí ó kọ ọ́ tàbí kí ó wá sọ ọ́ lẹ́nu ní ọ́fíìsì ní ọjọ́ ọjà. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn náà, kí ó wá sọ ìdí rẹ̀ ní ìpàdé, kí ó má sọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé. Kí ẹnikẹ́ni má tíì mú orúkọ ọmọ wá. Ìdìbò ni a fẹ́ kọ́kọ́ ṣe.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, ní orúkọ Ìgbìmọ̀